Ta Ló Kọ́ Wa Ní Àdúrà?

Gbogbo wa la mọ Àdúrà Olúwa lórí, títí kan ẹni tí ìṣirò kò wọ̀ lórí rárá. Ṣé a ti bi ara wa pé níbo ni wọ́n ti sọ ọ́ di Yorùbá?

Ọ̀nà rẹ̀ jìn. Wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú omi ní 1822, ó sì gúnlẹ̀ sí Sàró. Ní January 1844, ní Freetown níbẹ̀, ó fi Yorùbá ṣe ìsìn fún àwọn tí ojú wọn ti rí ohun tí ojú òun náà rí.

Ọ̀rọ̀ wo ni kí ó lò? Àwọn baba wa ní ìwúre: obì, orógbó, oyin, àtaare, kí gbogbo ilé sì ké "àṣẹ!" Ṣọ́ọ̀ṣì kò mú ìwúre, "àdúrà" ló mú. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu o: ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni àdúrà, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí la ti gbà á. Wàásù ńkọ́? Ibẹ̀ náà ni. Ẹ̀yin Mùsùlùmí kíláàsì wa tí ẹ máa ń bá wa dijú tipátipá, ẹ̀yin gan-an lẹ ni ọ̀rọ̀!

Crowther túmọ̀ Ìwé Àdúrà, odidi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884. Àdúrà wá di ohun tí à ń kà. Ó dùn létí, àmọ́ nígbà tí àrùn lúkúlúkú dé ní 1918, ìwé kò tó àwọn kan mọ́. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour's, Joseph Shadare àti olùkọ́ kan, Sophia Odunlami, kó àwọn èèyàn jọ láti fi ẹnu ara wọn bẹ Ọlọ́run. Ní 1922 wọ́n kúrò lábẹ́ Áńgílíkà, nítorí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti oògùn tí wọn kò fẹ́ lò. (Ti oògùn yẹn, èmi kò bá wọn dé ibẹ̀.) Ní 1930, Joseph Babalola, ẹni tó ti wa ọkọ̀ tó ń tẹ títì rí, dé Òkè-Oyè ní Iléṣà, èrò sì ya lù ú. Ẹni tí kò mọ á, bí, dí náà ń gbàdúrà sókè.

Ilé-ìwé wa mọ méjèèjì: tinú ìwé láàárọ̀, ti aláriwo ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lóru. Ọ̀gá wa kan ni yóò gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé yìí, mo sì ti gbọ́ pé ìwé ni wọ́n máa kà.