Ọjọ́ Tí A Lọ Wo Ìkẹ́rẹ́

Àwọn àgbà a máa sọ pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ẹlòmíràn wà tí ó ní láti rìn jìnnà kí ó tó mọ ohun tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé ilé baba rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwa tí mo fẹ́ sọ ìtàn wa fún yín yìí.

Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni a fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Ìsẹ̀-Èkìtì ni a sì ń gbé. Ọ̀kan nínú wa lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó dé, tí a sì kí ara wa tán, ó wí fún mi pé, "Ọ̀gá, mo rí ìlú wa ní Lọ́ńdọ̀nù." Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ó ní nínú British Museum, ilé ńlá tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo ayé sí, òun bá ilẹ̀kùn onígi kan tí ó ti ààfin Ìkẹ́rẹ́ wá, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni ó sì gbẹ́ ẹ. Òyìnbó kan bi òun léèrè ẹni tí Ọlọ́wẹ̀ í ṣe, òun kò sì rí èsì fọ̀. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ orúkọ náà gẹ́gẹ́ bí orúkọ agbẹ́gilére àtijọ́ kan. Kò sí ẹni tí ó béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú wa.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, kí oòrùn tó mú, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀, ó di Ìkẹ́rẹ́. Òkè ni ó ń kọ́kọ́ kí àlejò ní ìlú náà. A dúró ní ẹsẹ̀ òkè Olósùnta, àpáta ńlá tí àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ń ṣe ọdún rẹ̀ ní ọdọọdún, a sì wo Òróòlé tí orí rẹ̀ ṣóńṣó. Láti ibẹ̀ ni a ti lọ sí ààfin Ọgọ̀gà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Bàbá àgbà kan tí ó jẹ́ ìránṣẹ́ ọba gbà wá tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Nígbà tí a sọ ohun tí a bá wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ̀yin ará Ìsẹ̀ ni ẹ wá ń bi àwa léèrè Ọlọ́wẹ̀?" Ojú tì wá.

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a ti bí Ọlọ́wẹ̀, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́ fún ọba Arinjalẹ̀ títí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún Ọgọ̀gà. Ọdún 1938 ni ó kú.

Awẹ́ méjì ni ilẹ̀kùn náà, pẹ̀lú àtẹ́rígbà lókè rẹ̀. Ní awẹ́ kan, Ọgọ̀gà jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé lórí. Ní awẹ́ kejì, Captain Ambrose, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà nínú àga tí àwọn ènìyàn gbé, ó ń bọ̀ wá kí ọba. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ àwọn ère náà yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kúrò lára igi. Ìwé ìtàn ni ilẹ̀kùn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò fi kálámù kọ ọ́.

Ní ọdún 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbẹ̀. Àwọn ará British Museum rí i, wọ́n fẹ́ kí ó di tiwọn. Ọba kò tà á. Ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe fún un ní ìlú Òyìnbó ni ó gbà ní pàṣípààrọ̀. Ilẹ̀kùn náà kò sì padà wá sílé mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń yìn ín nígbà náà kò mọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ.

Bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ọkàn mi ti kúrò ní ààfin. Ní ọdún 1984, mo jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí ìṣirò ṣòro fún, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Ní ọjọ́ kan mo bá a tí ó ń fi ọ̀bẹ kékeré gbẹ́ igi lábẹ́ tábìlì. Ìyá kan tí ó pọn ọmọ ni ó gbẹ́. Ọrùn ọmọ náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ọrùn ọmọ tí oorun ń kùn. Mo rí i pé ó dára. Síbẹ̀, mo gba ọ̀bẹ náà, mo sọ ère náà sínú iná tí a fi ń sun pàǹtírí, mo sì wí létí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pé igi ni orí ẹni tí ń gbẹ́ igi. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò sunkún, ṣùgbọ́n kí ọdún tó parí, ó ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ní ọdún 1984 yẹn gan-an ni Art Institute ti ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà fi owó ra ọ̀kan nínú àwọn òpó tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́: ọba jókòó, ẹyẹ bà lé orí adé rẹ̀, olorì àgbà sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọba lọ. Ohun tí àwọn ará òkè òkun ń wá kiri ni èmi ń sọ sínú iná ní Èkìtì.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀kan bi mí pé, "Ọ̀bẹ náà ńkọ́?" Mo ní ó wà nínú àpótí mi. Láti ọjọ́ náà mo ti ń béèrè ọmọ náà kiri. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Òkè Ọya. Iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà kì í ṣe iṣẹ́ àbùkù, ṣùgbọ́n èmi ni mo ti ilẹ̀kùn kan mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, n kò sọ pé kí ẹ pa ìṣirò tì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọgbọ́n orí kò sì gbọdọ̀ fi ọgbọ́n ọwọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹnì kejì yín bá mọ iṣẹ́ kan í ṣe tí ẹ̀yin kò mọ̀, ẹ má ṣe bá àwọn tí ń rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ bá sì rí ohun dáradára ní ìlú yín, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ó ṣe é, kí àlejò má baà kọ́kọ́ bi yín.