Íńtálọ́ọ̀kì
Íńtálọ́ọ̀kì ni búlọ́ọ̀kù kọnkéré kéékèèké tí wọ́n ń tò mọ́ra lórí iyanrìn, láìfi sìmẹ́ńtì lẹ̀ wọ́n, sí àgbàlá tàbí ojú títì. Etí wọn ló ń wọnú ara wọn. Iyanrìn tí wọ́n gbá sáàárín wọn ló ń dì wọ́n mú. Èyí tó nípọn tó mìlímítà 60 tó fún ẹlẹ́sẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ ń gbà ń fẹ́ 80. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí omi kò jìnnà sójú ilẹ̀, abẹ́ íńtálọ́ọ̀kì gan-an niṣẹ́ wà, ibẹ̀ ni kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ti máa ṣọ́wó ná: yangí tí wọ́n fi ẹ̀rọ kì dáadáa, àti ojú ọ̀nà tó dagẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí gọ́tà. Bí wọ́n bá fẹ́ ri páìpù mọ́lẹ̀, wọ́n lè tú íńtálọ́ọ̀kì náà, kí wọ́n sì tún un tò.