Daniel Boone: Ìgbẹ́jọ́ Ọdún 1778 àti Àwọn Ìwé tí ó Sọ Nípa Rẹ̀

Ìwé tí ó sọ Daniel Boone (1734–1820) di olókìkí kì í ṣe ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ. John Filson, olùkọ́ kan tí ó ń ṣòwò ilẹ̀ ní Kentucky, ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1784, tí ó sì kọ apá kan níbẹ̀ bí ẹni pé ẹnu Boone gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Filson ń fẹ́ kí èrò wá tẹ̀dó síbẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ó ti dákẹ́ ni ó yẹ kí onímọ̀ ìtàn kọ́kọ́ wò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1778, Boone kó nǹkan bí ọkùnrin 30 kúrò ní Boonesborough, ìlú olódi tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀dó ní 1775, lọ se iyọ̀ ní Blue Licks. Ọwọ́ àwọn jagunjagun Shawnee, lábẹ́ olórí wọn Blackfish, tẹ̀ ẹ́; òun ni ó sì rọ àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn láìjà. Blackfish gbà á ṣọmọ. Ní oṣù kẹfà, Boone sá padà sílé. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn Shawnee dó ti Boonesborough, ṣùgbọ́n wọn kò rí i gbà. Lẹ́yìn èyí ni Richard Callaway àti Benjamin Logan fẹ̀sùn ọ̀dàlẹ̀ kan Boone. Ilé-ẹjọ́ ológun dá a láre, wọ́n tilẹ̀ gbé ipò rẹ̀ ga. Filson kò mẹ́nu ba ẹjọ́ yìí rárá.

Àkọsílẹ̀ ilé-ẹjọ́ náà kò sí mọ́. Ẹ̀rí tí ó kún jùlọ ni ti Daniel Trabue, tí ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò kọ tirẹ̀ sílẹ̀ títí di nǹkan bí 1827. Gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, Boone ní ọgbọ́n ẹ̀tàn ni òun fi ọ̀rọ̀ náà ṣe, kí ọ̀tá má baà kọlu Boonesborough nígbà tí odi rẹ̀ kò tíì lágbára. Òótọ́ ni pé ọjọ́ ti pẹ́ kí ó tó kọ ọ́. Síbẹ̀ ẹ̀rí yìí wúwo ju ti Filson lọ. Ìlú olódi Logan ni Trabue ti ń ṣiṣẹ́, Logan sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùfisùn. Bí ó bá fẹ́ ṣègbè, kì í ṣe ti Boone ni ìbá ṣe. Ó sì sọ gbangba pé ìdájọ́ náà kò dùn mọ́ Logan àti Callaway nínú.

Lyman Draper ni ó kó ìwé Trabue pọ̀ mọ́ àwọn ìwé Boone fúnra rẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìwé ìṣirò owó àti ti wíwọn ilẹ̀. Ní 1851, ó lọ bá Nathan, ọmọ Boone, ní Missouri, ó sì kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n 1781 ni wọ́n bí Nathan: ohun tí wọ́n sọ fún un nílé ni òun náà ń sọ. Draper kú ní 1891 láìparí ìtàn ìgbésí ayé Boone tí ó ń kọ. 1998 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn ìwé tí ó kó jọ wà ní Madison, ní Wisconsin.

Nínú gbogbo wọn, ẹnu àwọn àlejò tí ó gba ilẹ̀ Shawnee ni ọ̀rọ̀ Blackfish ti ń wá. Ọmọ tí ó gbà tọ́ ni ó sá lọ kìlọ̀ fún ọ̀tá rẹ̀. Ọgbẹ́ tí ó gbà nígbà tí àwọn ará Kentucky kọlu ìlú rẹ̀ ní 1779 ni ó sì pa á.