Àárín Ìlà àti Àmì Ohùn: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Wọn Ọ̀rọ̀ Yorùbá Lójú Terminal

Bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró sí agbedeméjì ojú terminal, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà tí a ti ń tẹ àṣẹ, ìṣirò rẹ̀ kò le: a ó yọ gígùn ọ̀rọ̀ kúrò nínú fífẹ̀ ìlà, a ó sì pín ìyókù sí méjì. Àyè 80 ni ìlà náà sábà máa ń ní. Káàdì oníhò tí IBM gbé jáde ní 1928 ní òpó 80, ẹ̀rọ VT100 ti iléeṣẹ́ DEC, tó dé ní 1978, sì lo iye kan náà. Nínú èdè Python, shutil.get_terminal_size ló ń sọ bí ojú terminal ṣe fẹ̀ tó, str.center ló sì ń fi àlàfo há ọ̀rọ̀ láàárín. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìṣirò náà kò lábùkù. Òdiwọ̀n tí a gbé fún un ni kò pé, nítorí ohun tí Python ń kà yàtọ̀ sí ohun tí ojú ń rí.

Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ìlú Ìsẹ́yìn ṣe àpẹẹrẹ. Àyè mẹ́fà ló ń gbà lójú terminal, ṣùgbọ́n nọ́ńbà Unicode, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà tàbí àmì mọ̀, méje ni Python máa kà níbẹ̀. Ì àti ì ní nọ́ńbà tiwọn lódidi. Ẹ́ kò ní: ẹ gba ọ̀kan, àmì ohùn òkè gba ìkejì. Bí a bá tú gbogbo àmì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó di mẹ́wàá. Lórí ìlà 80, àlàfo 37 ló yẹ kó ṣáájú orúkọ náà. 36 tàbí 35 ni str.center yóò fi síbẹ̀. Àṣìṣe náà ń pọ̀ bí àmì ṣe ń pọ̀: “ọ̀rọ̀”, tó gba àyè mẹ́ta péré, ní nọ́ńbà márùn-ún tàbí méje. Ìdí nìyí tí àkọlé mẹ́ta tó tò léra fi lè yẹ̀ sósì, kálukú níwọ̀n àmì tirẹ̀. Iṣẹ́ òfì tí a mọ Ìsẹ́yìn mọ́ kò ṣàjèjì sí ìyàtọ̀ yìí: òwú tí ahunṣọ ta ló ń pinnu bí aṣọ ṣe fẹ̀ tó, òwú tó fi ṣọnà sí i lára kì í mú un fẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni àmì ohùn rí lórí lẹ́tà.

Ẹnìkan lè ní kí a kúkú yọ àmì kúrò. Ìlà yóò gún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò di ọ̀kan náà, òǹkàwé ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní kí a fi unicodedata.normalize so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì rẹ̀. Èyí tó fún àwọn ará Vietnam, nítorí pé Unicode ti fún ệ wọn, tòun ti àmì méjèèjì, ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kò fún ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ ní irú rẹ̀, kì í sì í tún gba irú àkànpọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́. Òótọ́ ni pé àwọn terminal kan kì í gbé àmì lé lẹ́tà bó ṣe yẹ. Àbùkù terminal tàbí fọ́ńtì nìyẹn, kò sọ òdiwọ̀n tí kò pé di èyí tó pé.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a ka kìkì ohun tó gba àyè. unicodedata.combining máa ń dá òdo padà fún lẹ́tà tó dá dúró. Fún àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà, kì í ṣe òdo. Bí a bá ka àwọn tó jẹ́ òdo nìkan, Ìsẹ́yìn yóò jẹ́ mẹ́fà, bó ti wù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Níbi tí Yorùbá bá ti pàdé lẹ́tà Ṣáínà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba àyè méjì, ìyẹn nìkan kò tó. Àkójọ kóòdù wcwidth, tó ń ka iye àyè tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbà, ló yẹ kí a lò. Àṣìṣe yìí kì í tètè hàn nítorí pé “Iseyin” aláìlámì jẹ́ mẹ́fà lójú ènìyàn àti lójú Python. Ẹni tó bá fi ìyẹn nìkan dán ètò rẹ̀ wò kò tíì dán an wò fún Yorùbá.