Ìyàwó Mi, Ìyàwó Wa

Bí a bá pe obìnrin ní ìyàwó ní Igbudu níbí, aládùúgbò tí kì í ṣe Yorùbá pàápàá gbọ́ ọ, torí ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú Píjìn. “Aya” ni Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ní àwọn ọdún 1800 ń lò, ṣùgbọ́n ta ní ń ké “aya mi” sí ilé ìdáná? “Ìyá Táyé” ni, tàbí “màdáàmù”, pàápàá bí owó oúnjẹ bá kù díẹ̀ káàtó.

“Ìyàwó wa” ni ìtàn pọ̀ sí. Gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá nílé ni ọkọ rẹ̀, ọmọbìnrin inú wọn náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní 1997: ọjọ́ tí èèyàn wọ ilé la fi ń mọ àgbà, kì í ṣe ako tàbí abo. Ìdí nìyí tí ìyàwó kì í fi í dárúkọ wọn. Ìbàdíàrán, Adúmáradán, Eyínfúnjowó ni yóò máa pè wọ́n. Ní Kúbà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀sìn òrìṣà ni wọ́n ń pè ní ìyàwó, kódà bó jẹ́ ọkùnrin.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹrù lórí. Bí ọkọ bá kú, ilé tó ń pe obìnrin ní “ìyàwó wa” lè ṣú u lópó fún àbúrò olóògbé. Àṣà yẹn ti dínkù, kò sì dùn mí. Ohun tó dùn mí ni àwọn àna tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ opó síta lónìí. Àwọn yẹn kan náà ló jó, tí wọ́n ná owó, tí wọ́n ń kígbe “ìyàwó wa” lọ́jọ́ tó wọlé.