Ta Ló Ń Ti Òkè Yìnyín Pa?

Àwa tí a kò rí yìnyín rí lè rò pé ìgbà tí yìnyín bá yọ́ tán ni wọ́n máa ń ti àwọn òkè tí wọ́n ti ń ṣeré síkì. Ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹrin ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń tì, yìnyín á sì ṣì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn oníbàárà ni kì í wá mọ́. Ooru ti dé sílé wọn, wọ́n ti ń wá eré mìíràn. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n sì fi ń wa ọkọ̀ orí wáyà tó ń gbé èèyàn gòkè.

Arapahoe Basin, tó ti wà láti 1946, ló lágídí jù. Ibẹ̀ ga, yìnyín rẹ̀ sì máa ń pẹ́. Ní 2019, ọjọ́ 4 oṣù Keje ni wọ́n tó tì í!

Àmọ́ ní 2020, ìjọba ló tì í. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, iléeṣẹ́ Vail Resorts àti Alterra kéde pé àwọn á dáwọ́ iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ kejì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Gómìnà Jared Polis ti pàṣẹ kí gbogbo ibi síkì ìpínlẹ̀ náà tì nítorí Kòrónà. (Kò pẹ́ sí i ni wọ́n ti ilé ìwé tiwa náà.) Oṣù Kẹta yìí gan-an ni ọjà wọn máa ń gbóná. Àwọn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ tó ti ń ka owó oṣù Kẹrin mọ́ tiwọn sùn pẹ̀lú iṣẹ́, wọ́n jí láìníṣẹ́.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, Arapahoe Basin tún ṣí, fún 600 èèyàn péré lóòjọ́.