Aṣọ Ìmòòkùn àti Òtútù Omi Margarita

Yorùbá ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n aṣọ kan wà tí kì í ṣe fún ìkíni, tí kì í sì í ṣe fún ọ̀ṣọ́. Aṣọ rọ́bà ni, tí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ létí erékùṣù ń wọ̀ nígbà tí omi bá tutù, bí wọ́n ti dojú bolẹ̀, tí wọ́n ń fi paìpù mí, tí wọ́n sì ń wo ẹja nísàlẹ̀. Aṣọ ìmòòkùn ni mo pè é níhìn-ín. Ẹ̀yin olùkàwé mi, ẹ jẹ́ kí a wo ayé kí aṣọ yìí tó dé.

Ní ọdún 1602, Pieter de Marees, ọmọ ilẹ̀ Họ́lándì, tẹ ìwé kan jáde nípa Gold Coast, èyí tí í ṣe Ghana òde òní. Ó kọ ọ́ pé àwọn ará ibẹ̀ mọ omi í wẹ̀ púpọ̀, pé wọ́n ń pẹ́ lábẹ́ omi, àti pé nítorí èyí ni a ṣe ń lò wọ́n ní erékùṣù Margarita, létí Venezuela, láti máa wá péálì, ohun iyebíye inú ìkarahun òkun. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ọgbọ́n tó yẹ kó gbé wọn ga ni a fi dè wọ́n mọ́ iṣẹ́ ẹrú.

Oòrùn Margarita mú, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kì í fi ìgbà gbogbo lọ́wọ́ọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, afẹ́fẹ́ a máa ti omi ojú òkun kúrò létí ilẹ̀, omi tútù ìsàlẹ̀ a sì gòkè rọ́pò rẹ̀. Bartolomé de las Casas, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, ti kọ̀wé ní 1552 nípa àwọn ọmọ onílẹ̀ tí a kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́ péálì ní agbègbè náà. Ó ní òtútù omi a máa wọ̀ wọ́n lára láìdáwọ́ dúró, wọ́n a sì máa pọ ẹ̀jẹ̀ kú. Iṣẹ́ yìí kan náà ni a gbé lé àwọn ọmọ Áfíríkà lọ́wọ́.

Omi ń gbé ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ọyẹ́ bá mú ènìyàn ní Osi, ní ilẹ̀ Èkìtì ti Kwara, yóò fa kíjìpá bora. Kíjìpá kò ní iná nínú. Ooru ara ẹni ni kì í jẹ́ kó sá lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá rin gbingbin, àǹfààní rẹ̀ parí.

Láàárín 1951 sí 1952 ni Hugh Bradner, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California ní Berkeley, yanjú ìṣòro yìí, nígbà tó ń wá aṣọ fún àwọn òmùwẹ̀ ológun Amẹ́ríkà. Ó rí i pé kò di dandan kí ara gbẹ kó tó móoru. Rọ́bà neoprene kún fún ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké tí kì í jẹ́ kí ooru kọjá. Omi díẹ̀ tó bá wọlé, ara a mú un lọ́wọ́ọ́wọ́, rọ́bà a sì há a mọ́ ibẹ̀. Nítorí náà ló ṣe yẹ kí aṣọ náà fún mọ́ra: bó bá ṣò, omi tútù yóò máa wọlé, yóò máa jáde.

Lónìí, ìgbádùn ni aṣọ yìí wà fún. Ní Margarita ayé ọjọ́un, ẹ̀mí ni ì bá máa dáàbò bò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ń ka ìtàn òwò ẹrú, ẹ má ṣe dúró sí oko ìrèké nìkan. Ẹ wo ìsàlẹ̀ òkun pẹ̀lú.